Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Dátà Wà Nínú Fóònù, Láptọ́ọ̀pù Ò Rí I Lò

Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ hotspot, ìyẹn kí fóònù máa fi Wi-Fi pín dátà rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ló kún inú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, kò sì yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan nílé àfi èyí tó wà nínú fóònù. Òun lọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, òun la fi ń dá oníbàárà lóhùn, òun la fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọjọ́ tó bá kọ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí nínú púpọ̀ lára àwọn lẹ́tà náà ni pé wọ́n ti sọ fẹ́ni tó kọ ọ́ pé kó lọ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní Queen Cinema níbí n'Ìbàdàn tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n máa ń gbé láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fọ́máàtì wá bá mi: àwòrán ọmọ ti lọ, ìwé iṣẹ́ ti lọ, hotspot náà ò sì tíì wọlé. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa Wi-Fi orí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi fóònù náà ṣí ojú ewé kan tẹ́ ẹ ò ṣí rí. Bí kò bá ṣí, ọ̀rọ̀ ò kan kọ̀ǹpútà rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, tàbí kí dátà ti tán. Ẹ tẹ *323# kẹ́ ẹ wo èyí tó kù. Láti 2023 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti sọ kóòdù wọn di ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bó bá ṣí lórí fóònù, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó kù sí àárín fóònù àti kọ̀ǹpútà, tàbí inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun. Láptọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi. Ó ń rí hotspot gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, tèmi nìkan ni kò rí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́nu géètì ní kí n gbé e wá kóun fọ́máàtì ẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi sì wà nínú ẹ̀."
Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, má gbé e fún un. Láptọ́ọ̀pù tó ń rí tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ, Wi-Fi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lọ wá fíláàṣì kan lónìí, kó o da iṣẹ́ àṣekágbá yẹn kọ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ká jọ sọ̀rọ̀.

Wi-Fi tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù ìwòyí pín sí méjì, 2.4GHz àti 5GHz. Ti 5GHz yára, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà, ògiri sì tètè máa ń dí i. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ló jẹ́ pé 2.4GHz nìkan ni káàdì Wi-Fi inú wọn mọ̀. Bí fóònù tuntun bá ti tan hotspot rẹ̀ sí 5GHz, irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ò lè rí i, ò báà gbé fóònù lé e lórí. Fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àtijọ́ tàbí kó wà lórí 2.4GHz, ìdí nìyẹn tó fi ń rí tiwọn.

O lè wádìí ẹ̀ fúnra rẹ. Tẹ bọ́tìnnì Windows lórí láptọ́ọ̀pù, kọ cmd, tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá yọ, kọ netsh wlan show drivers, tún tẹ Enter. Wá ibi tó kọ "Radio types supported". Bó bá jẹ́ pé 802.11b, 802.11g àti 802.11n nìkan lo rí níbẹ̀, tí kò sí 802.11a tàbí 802.11ac, 2.4GHz nìkan ló mọ̀. Kò sí fọ́máàtì tó lè yí ìyẹn padà, nítorí káàdì ni.

Orí fóònù ni wàá ti tún un ṣe. Lọ sí Settings, wọ ibi hotspot, wá "AP band" tàbí "Band", kó o yan 2.4GHz. Àwọn fóònù kan máa ń fi í sábẹ́ "Advanced". Àwọn mìíràn ń pè é ní "Extend compatibility". Bó bá jẹ́ iPhone, láti orí iPhone 12 sókè, "Maximise Compatibility" ni wàá tàn.

Bó bá wá yọjú, tó o kọ páásíwọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ, tó sì kọ̀, wo ibi "Security" lórí fóònù. Ó lè jẹ́ WPA3, irú ààbò Wi-Fi tuntun kan, ló wà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò sì mọ ìyẹn. Yí i sí WPA2. Má ṣe yan èyí tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù rárá o. Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, dátà tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kì í di àárọ̀.

"Ọmọ wa, mo kí ọ fún iṣẹ́ rere. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Láptọ́ọ̀pù mi ń gba hotspot fóònù mi, ó ń kọ 'Connected', ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé tó ń ṣí. Ohun tó ń kọ fún mi ni pé ìsopọ̀ mi kò ní ààbò, pé àwọn kan lè fẹ́ jí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo pa á. Fóònù mi ń ṣí gbogbo nǹkan. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú tipẹ́, iná ni mo ń fi lò ó."
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìlá Ọ̀ràngún

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn, òun ló là mí lójú. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò rò pé olè kankan wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan láptọ́ọ̀pù náà, kẹ́ ẹ wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí aago wà. Ọdún wo ló kọ síbẹ̀? Bó bá kọ 2012 tàbí ọdún àtijọ́ mìíràn, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe rí nìyí, sà. Gbogbo ojú ewé tó ní ààbò, bíi ti báńkì, ti WhatsApp, ti Google, ló ní ìwé ẹ̀rí tó fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá rò pé ọdún 2012 la wà, ìwé ẹ̀rí ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú tirẹ̀, ló bá kọ̀ ọ́, ló bá ń kìlọ̀ fún yín. Hotspot yín ò ní àbùkù kankan.

Ẹ lọ sí Settings, "Time & language", kẹ́ ẹ wọ "Date & time". Ẹ yan agbègbè aago wa, èyí tó kọ "West Central Africa", UTC+01:00. Lẹ́yìn náà ẹ pa "Set time automatically", kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tún ọjọ́ àti aago ṣe. Bí ojú ewé bá ti ń ṣí, ẹ tan an padà kó lè máa tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí iná bá tún lọ, ọjọ́ yẹn á tún padà sẹ́yìn, nítorí bátìrì kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù inú láptọ́ọ̀pù tó ń bá aago rìn nígbà tí kò bá sí iná. Ó rí roboto bíi kọ́ìnì, wọ́n sábà máa ń kọ CR2032 sí i lára, ó ń gbé fóltì 3. Tiyín ti kú. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan ó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lára, ẹ má ṣe tú u fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan rárá sí owó fọ́máàtì.

Títí dìgbà tẹ́ ẹ máa fi ṣe é, ẹ máa wo ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan án. Bí ọjọ́ bá sì tọ̀nà tí ìkìlọ̀ yẹn ṣì yọ lórí ojú ewé báńkì, ẹ má ṣe tẹ ibi tó ní kẹ́ ẹ máa wọlé lọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin yòókù tí tiyín náà ń kọ "Connected" tàbí "No internet" ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yín tọ̀nà, ẹ ṣí cmd tí mo júwe fún akẹ́kọ̀ọ́ lókè, kẹ́ ẹ kọ ipconfig. Ẹ wo ìlà "IPv4 Address". Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, fóònù ò tíì fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ìyẹn "Forget", ẹ pa hotspot, ẹ tan án, kẹ́ ẹ tún wọlé. Tó bá jẹ́ 192.168 kan ló wà níbẹ̀, tàbí 172.20.10 fún iPhone, àdírẹ́ẹ̀sì ti wà. Ẹ wá wo "Proxy" lábẹ́ "Network & internet". Mo máa ń bá a lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ dáadáa: ọ́fíìsì tó ti kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti ní kó máa gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tiwọn kọjá, kọ̀ǹpútà yẹn ò sì sí n'Ìbàdàn. Ẹ pa á. Bí proxy náà ò bá sí, ẹ lọ síbi "DNS server assignment", ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé, kẹ́ ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 síbẹ̀.

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń táìpù. Mo ra dátà 10GB lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi hotspot sílẹ̀ kí láptọ́ọ̀pù lè gba fáìlì oníbàárà mi, mo bá sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dátà ti tán. Àwọn èèyàn ní iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jí i. Ṣé òótọ́ ni?"
Onítáìpù, Ìlọrin

Ẹ pẹ̀lẹ́. 10GB kì í ṣe owó kékeré fẹ́ni tó ń táìpù jẹun, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ká tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ jẹ́ ká bi láptọ́ọ̀pù yín léèrè, nítorí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, "Network & internet", wá "Data usage". Nínú Windows 11, ó wà lábẹ́ "Advanced network settings". Ẹ máa rí orúkọ gbogbo ohun tó jẹ dátà láti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Bẹ́ ẹ bá rí "System" tàbí "Delivery Optimization" lókè pátápátá, Windows ló lo dátà yín láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Àtúnṣe ńlá Windows lè tó ọ̀pọ̀ gígábáìtì, òru tí ẹnì kankan ò lò ó ló sì fẹ́ràn láti gbà á.

Kọ̀ǹpútà yín rò pé omi ẹ̀rọ ló ń sàn nínú ilé, kò mọ̀ pé omi tẹ́ ẹ fowó rà ní kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti wà lórí hotspot yín, ẹ lọ sí Settings, "Network & internet", "Wi-Fi", ẹ tẹ orúkọ hotspot náà, ẹ wá "Metered connection", kẹ́ ẹ tan án. Láti ìgbà náà, Windows á dẹwọ́ àtúnṣe ńláńlá, OneDrive, tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á dúró. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ hotspot yẹn nìkan lẹ ṣe é fún. Bẹ́ ẹ bá yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí tẹ́ ẹ lo fóònù mìíràn, ẹ tún máa ṣe é. Bẹ́ ẹ bá lo okùn USB, Windows á kà á sí "Ethernet", ẹ lọ tan "Metered connection" níbẹ̀ náà.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ pa ni "Allow downloads from other PCs", ó wà nínú "Delivery Optimization" lábẹ́ Windows Update. Bó bá wà lórí, láptọ́ọ̀pù yín lè máa fi dátà tẹ́ ẹ rà gbé àtúnṣe Windows fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Fídíò náà ńkọ́? Lórí fóònù, YouTube máa ń yan àwòrán kékeré nítorí ojú fóònù kéré. Lórí láptọ́ọ̀pù, ó lè yan 1080p, wákàtí kan irú rẹ̀ sì lè jẹ ju 1GB lọ. Ẹ tẹ àmì Settings lórí fídíò, kẹ́ ẹ yan 360p tàbí 480p, kẹ́ ẹ sì pa "Autoplay".

Ẹ má torí èyí ṣá pa àtúnṣe Windows títí láé. Ẹni tó bá ń táìpù ìwé oníwèé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi tí Wi-Fi tó pọ̀ bá wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó gba àtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo inú hotspot fóònù yín, ibi tó máa ń kọ iye ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá rí orúkọ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà lónìí.

"Mo fẹ́ fi okùn pín dátà fún láptọ́ọ̀pù kí bátìrì fóònù mi má baà máa tán. Fóònù ń gba iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó kọ 'USB tethering' kò ṣeé tẹ̀. Ṣé fóònù mi ni kò dára ni?"
Oníṣòwò aṣọ, Abẹ́òkúta

Okùn yín ni mo fura sí. Okùn USB tó pé ní wáyà mẹ́rin nínú, ó kéré tán: méjì fún iná, méjì fún dátà. Ọ̀pọ̀ okùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, wáyà iná nìkan ló wà nínú wọn. Fóònù á gba iná, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà lódìkejì. Ẹ wá okùn tó bá fóònù wá láti inú páálí, ẹ fi í sí i, kẹ́ ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tó ń béèrè bóyá kóun gbé fáìlì tàbí kóun gba iná nìkan, okùn náà dára, "USB tethering" á sì ṣeé tẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ okùn lẹ máa tún un tẹ̀, ó máa ń pa ara rẹ̀.

Lórí iPhone, fóònù á béèrè bóyá ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà náà. Ẹ tẹ "Trust". Láptọ́ọ̀pù oní-Windows á tún nílò iTunes tàbí Apple Devices kó tó mọ iPhone lórí okùn. Wi-Fi lẹ máa fi wà á jáde ní àkọ́kọ́.

Tí wọ́n bá bi mí, okùn ni mo fẹ́ràn ju Wi-Fi lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ 2.4GHz tàbí 5GHz níbẹ̀, kò sí aládùúgbò tó lè yọ́ wọlé, fóònù ò sì ní tètè kú. Ẹ kàn rántí pé bí kò bá sí iná nílé, bátìrì láptọ́ọ̀pù ni fóònù ń mu.

"Hotspot mi máa ń pa ara rẹ̀ bí mo bá ń ka ìwé lórí láptọ́ọ̀pù. Kí ló fà á?"
Agbẹjọ́rò, Òṣogbo

Láptọ́ọ̀pù yín ló ń sùn, fóònù á wá rí i pé ẹnì kankan ò so mọ́ òun mọ́. Ẹ pa "Turn off hotspot automatically" nínú hotspot. Ẹ wo "Battery Saver" àti "Data Saver" náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, hotspot ò ní tàn rárá bí Data Saver bá wà lórí. Ẹni tó ń lo iPhone, kó fi ojú "Personal Hotspot" sílẹ̀ ní ṣíṣí títí láptọ́ọ̀pù á fi wọlé.

"Níbí ní Houston, ètò fóònù tí kò ní òpin ni mo ń san. Ó yára lórí fóònù, lórí hotspot á kàn máa fà lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan."
Nọ́ọ̀sì, Texas

Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Nínú ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ l'Amẹ́ríkà, fóònù ni kò lópin. Wọ́n máa ń ya iye kan sọ́tọ̀ fún hotspot, bó bá ti tán, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù títí oṣù á fi yí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "hotspot" nínú ìwé ètò yín, iye gígábáìtì rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tó máa yí i padà.

"Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí Zoom láti ilé. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pè mí, Zoom á dúró, àwọn ọmọ ò ní gbọ́ mi mọ́. Mo ti pa ohùn ìpè, kò yí padà. Inú àwọn òbí ò dùn sí i mọ́."
Olùkọ́ ìṣirò, Ìkòròdú

Pípa ohùn ò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí ìpè náà wọlé sínú fóònù bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, bẹ́ ẹ ò sì gbọ́ ọ. Dátà nìkan ni wọ́n dìídì ṣe 4G fún. Bí ìpè bá wọlé sórí síìmù tẹ́ ẹ fi ń lo dátà, tí VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G, ò sì sí lórí rẹ̀, fóònù á bọ́ sílẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó lè gbé ìpè náà. Lórí 2G, dátà á dúró. Ẹ lọ sí Settings, ibi síìmù, kẹ́ ẹ tan "VoLTE" tàbí "4G calling" bó bá wà níbẹ̀. Ìpè á máa gba orí 4G wọlé, Zoom ò ní bọ́.

Síìmù kejì ló nira jù. Ọ̀pọ̀ fóònù onísíìmù méjì ò lè fún síìmù méjèèjì lánfààní lẹ́ẹ̀kan náà. Bí síìmù kejì bá ti wà lórí ìpè, dátà ti àkọ́kọ́ á dúró dè é. Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní kíláàsì, ẹ gbé síìmù ìpè sínú fóònù oníbọ́tìnnì kékeré kan. Bí kò bá sí, ẹ wọ Settings kẹ́ ẹ pa síìmù kejì yẹn, kẹ́ ẹ tan án padà bẹ́ ẹ bá parí. Ẹ tún lè darí ìpè rẹ̀ sórí nọ́ńbà mìíràn nínú ilé: ẹ tẹ *21*, nọ́ńbà náà, kẹ́ ẹ fi # parí ẹ̀, ##21# lẹ máa fi fagi lé e. Owó ìpè tó bá kọjá síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san án, torí náà ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn òbí pé bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé nígbà kíláàsì, WhatsApp ni kí wọ́n fi kọ ọ́ ránṣẹ́. Orí dátà lòun ń gbà wọlé, kì í dá Zoom dúró. Ẹ ní kí ẹnì kan nínú ilé pè yín nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí Zoom lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i bóyá ó dúró tàbí kò dúró, kí àwọn ọmọ tó wọlé.